Ṣé Ojútùú Tilẹ̀ Wà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, orí àkìtàn la ó ti bẹ̀rẹ̀. Òkìtì ìdọ̀tí ńlá a máa gbóná nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ ń tu etí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń mú jáde ń pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, ooru tó ń sá lọ á bá èyí tí inú ń mú jáde dọ́gba, òkìtì á sì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà mìíràn, wọn kò ní dọ́gba láé. Iná á sọ.

Frank-Kamenetskii, onímọ̀ ilẹ̀ Soviet, fi ìṣirò wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó, ìdọ́gba rẹ̀ nìyí:

−u″ = λeᵘ, u(0) = 0, u(1) = 0.

u ni iye tí inú fi gbóná ju etí lọ ní ibi x, láti etí kan (0) dé èkejì (1). λ ni agbára ooru náà. Nọ́mbà e jẹ́ nǹkan bíi 2.718. Nítorí pé u fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ooru tó ń jáde, a kò lè yanjú rẹ̀ bí ìdọ́gba onílà tààrà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé u bẹ́ẹ̀ wà?

Ẹ jẹ́ kí λ jẹ́ 2. A ó wá ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè, ká sì há ojútùú sí àárín wọn. Ìlà ìsàlẹ̀ ni u = 0. Fún ìlà òkè, ẹ mú w = 4x(1−x). Ibi tó ga jù lórí rẹ̀ ni 1, −w″ sì jẹ́ 8. Ooru tí w lè mú jáde kò ju 2e lọ, ìyẹn 5.44. 8 ju 5.44 lọ, nítorí náà w ga tó.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ẹ fi í sí apá ọ̀tún ìdọ́gba, kí ẹ yanjú apá òsì: ẹ ó rí x(1−x), tí góńgó rẹ̀ jẹ́ 0.25. Ẹ fi èyí náà padà sí apá ọ̀tún, kí ẹ tún un ṣe. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìlà kọ̀ọ̀kan ń ga ju ti ìṣáájú lọ, kò sì sí èyí tó lè kọjá w. Ohun tó ń gòkè, tí òrùlé wà lórí rẹ̀, gbọdọ̀ dé ibì kan. Ibẹ̀ ni ojútùú wà.

Bí λ bá jẹ́ 4 ńkọ́? Ẹ fi sin πx sọ ìdọ́gba náà di púpọ̀, kí ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀ láti 0 dé 1. Nítorí pé eᵘ kò kéré sí e × u rí, ẹ ó rí i pé λ kò gbọdọ̀ ju π²/e lọ, ìyẹn 3.63. Fún 4, kò sí ojútùú kankan. Ààlà gan-an wà nítòsí 3.514: nísàlẹ̀ rẹ̀, ojútùú méjì ló wà, lórí rẹ̀ gan-an, ẹyọ kan, bí a bá kọjá rẹ̀, kò sí.

Kọ̀ǹpútà lè kọ nọ́mbà jáde níbi tí ojútùú kò sí. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé èló ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà.