HÁ, LẸ̀, GAN ÀTI NỌ́Ọ̀KÙ: Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ FÚN TÍTÚ IRIN TÓ DÓGÙN-ÚN LÁRA ỌKỌ̀

0. Ìfáàrà

Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, bí ọ̀rọ̀-ìperí bá ti wà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, àti ìkejì rẹ̀ tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, la ọ̀nà fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sí lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà, láti Òpèbí títí dé Agége, bí wọ́n ṣe ń tú ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: Land Rover, Land Cruiser, Hilux àti irú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ nígbà tí irin bá kọ̀ tí kò tú. Á ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, nọ́ọ̀tì yìí ti há." Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní tíì mú òòlù, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ó há báwo?" Ìbéèrè náà ni ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò yìí. Há kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún ohun mẹ́rin tó yàtọ̀, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Ògbufọ̀ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè mú kí bóòtù kán, tàbí kí iná jó ọmọ iṣẹ́.

1. Orúkọ ohun tó ń jẹ irin

Yorùbá kò tòṣì ní ọ̀rọ̀ fún ohun pupa tó ń bo irin. Ìpáàrà ni Bíbélì Yorùbá lò nínú Mátíù 6:19. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìpẹtà. Dípẹtà àti dógùn-ún ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wọ́pọ̀. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpẹtà lè dúró fún ohun pupa náà, dógùn-ún fún ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, kí ìdógùn-ún, tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ṣẹ̀dá, sì jẹ́ orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àmì ohùn kò ṣeé fojú fò níhìn-ín, nítorí dogun láìsí àmì lè di 'di ogun' lójú ẹni tó ń kà á.

Irin kì í dógùn-ún láìsí ọ́síjìn àti omi. Iyọ̀ a sì máa mú un yá. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tọ́kunbọ̀ tó ti rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù ní ìlú òyìnbó fi máa ń dé Èkó pẹ̀lú ìsàlẹ̀ tó ti jẹ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òkun tó kún fún omi kì í jẹ́ kí ọ̀ràn náà dáwọ́ dúró. Ìpẹtà tóbi ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo àárín bóòtù àti nọ́ọ̀tì kò gbà á, ó sì ń fi agbára ti méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin nìkan ló ń jẹ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara Land Rover àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1948, tí férémù rẹ̀ sì jẹ́ irin. Níbi tí méjèèjì ti fara kanra tí omi oníyọ̀ wà, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ, tí yóò di ẹ̀tù funfun. Kò tọ́ kí wọ́n pe ẹ̀tù yìí ní ìpẹtà. Ìjẹrà mẹ́táàlì lè jẹ́ orúkọ gbogboogbò, kí ìdógùn-ún jẹ́ ti irin nìkan.

2. Ìyàtọ̀ mẹ́rin

(a) Lẹ̀: Ìpẹtà tàbí ẹ̀tù funfun ti so ohun méjì tó yẹ kó túra pọ̀. Nọ́ọ̀tì ìdí sáléńsà jẹ́ àpẹẹrẹ.

(b) Há: Ohun kan fún mọ́ ibi tó wà láìjẹ́ pé ó jẹ. Béárìn tí wọ́n fi agbára tẹ̀ wọ ilé rẹ̀ há, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí.

(d) Gan: Ohun tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ kò mira mọ́, bí i pístìnnì bíréèkì.

(e) Nọ́ọ̀kù: Níhìn-ín ni ọ̀fìn wà fún ògbufọ̀. Lẹ́nu mẹkáníìkì Èkó, ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kù ti bàjẹ́, kò yí mọ́. Nínú ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀, ariwo kíkàn tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n yá yìí dúró fún. Ẹni tó bá tú u ní nọ́ọ̀kù ti pa ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kú. Ìkànkàn ẹ́ńjìnnì dára jù fún ariwo náà.

3. Ọ̀rọ̀-ìṣe fún iṣẹ́ náà

Tú àti yọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Tú ni kí ohun tí wọ́n yí mọ́ra yí padà kúrò lára èkejì. Yọ ni kí ohun kan jáde kúrò níbi tó wà. Nọ́ọ̀tì bóòtù sípíríìnì lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́, kí bóòtù fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin kóróǹkótó inú rọ́bà rẹ̀. Nígbà náà, nọ́ọ̀tì ti tú, bóòtù kò tíì yọ. Apá òsì ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ń tú sí, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́rù kan wà tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì wọn ń tú sí ọ̀tún. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé dárúkọ apá.

Jó náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Jórin-jórin ni ẹni tó ń fi iná so irin pọ̀, nítorí náà 'jó nọ́ọ̀tì náà' lè túmọ̀ sí pé kí wọ́n so ó mọ́ ibẹ̀ títí láé. Mú gbóná ni kí wọ́n kọ. Ọ̀pá irin mítà 1 a máa fi nǹkan bí mìlímítà 1.2 gùn sí i bí ooru rẹ̀ bá fi 100 ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lé sí i. Ti alumíníọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 2.3. Bí nọ́ọ̀tì bá gbóná ṣáájú bóòtù, ojú ihò rẹ̀ yóò fẹ̀ díẹ̀, ìpẹtà àárín wọn yóò sì sán.

Fún epo tó ń wọ àlàfo tóóró láti tú ohun tó lẹ̀, epo atúdè ni àbá tó wà nílẹ̀. A-tú-ìdè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí a-pa-ẹja ṣe di apẹja. Kẹrosíìnì tàbí dísù ni àwọn kan ń lò dípò rẹ̀.

4. Àpẹẹrẹ ìtọ́ni

'Bí bóòtù bá há, fi iná jó o kí o yọ ọ́.' Gbólóhùn yìí dún dáadáa létí, ó sì léwu. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí sàn jù:

(i) Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára nọ́ọ̀tì tó lẹ̀.
(ii) Fi epo atúdè rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì.
(iii) Fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì; má ṣe gbá orí bóòtù.
(iv) Yí i síwájú díẹ̀, yí i padà sẹ́yìn. Bí ó bá gan, má ṣe fi agbára kún un, kí bóòtù má baà kán.
(v) Bí kò bá tú, nu epo kúrò pátápátá, kí o mú nọ́ọ̀tì nìkan gbóná. Má ṣe gbé iná sún mọ́ táńkì epo, páìpù bíréèkì tàbí rọ́bà. Bí síńkì bá bo nọ́ọ̀tì náà, má ṣe fa èéfín rẹ̀ símú, nítorí a máa dá ibà sí ènìyàn lára.
(vi) Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, gé nọ́ọ̀tì náà, kí o fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Kò sí èyí tó jẹ́ àjèjì nínú lẹ̀, há, gan, tú àti yọ. Ohun tó kù ni pé kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, kí wọ́n má sì yá ọ̀rọ̀ òyìnbó tàbí ṣẹ̀dá tuntun kí wọ́n tó fetí sí ìdí iṣẹ́. Ọ̀gá tó béèrè pé "Ó há báwo?" ti mọ ìyàtọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó kù kí ìwé náà mọ̀ ọ́n.