Yíyan Èdè Kọ̀ǹpútà Tí Ó Yẹ

Àgbẹ̀ kì í fi àdá kọ ebè, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ọkọ́ gé igi. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, ‘Iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe?’ Fortran, tí ó jáde ní 1957, wà fún ìṣirò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò rẹ̀ ní 1959, wà fún ìṣirò owó àti ọjà. Guido van Rossum, ará ilẹ̀ Nẹ́dálándì, gbé Python jáde ní 1991. Ó rọrùn láti kà, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń fi í bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ni à ń wò. Bí ẹ bá yan èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní àyíká yín, ta ni yóò tọ́ yín sọ́nà nígbà tí iṣẹ́ bá dojú rú? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹ má ṣe tẹ̀lé òkìkí. Èdè tí ó bá iṣẹ́ yín mu, tí ẹ sì rí olùkọ́ àti ẹgbẹ́ bá kọ́, ni kí ẹ mú.