Ọmọlanke fún Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ó Wúwo: Yíyàn Rẹ̀ àti Lílò Rẹ̀

Ẹ̀yin apẹja àti àgbẹ̀ tí ń gbé etí ọ̀sà láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti ẹ̀yin tí ń dẹ àwọ̀n nínú adágún ẹ̀yìn dáàmù bíi ti Òyán tí a ṣí ní ọdún 1983, ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kàn. Ẹ mọ̀ pé orí omi kọ́ ni iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń le jù lọ. Orí ilẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí ó ti léfòó, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọ̀pá tì í. Ọkọ̀ kan náà, bí ó bá wà lábẹ́ àtíbàbà, ọkùnrin mẹ́fà ni a ó máa jí kiri ní ìdájí kí ó tó dé omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn dáàmù a tún burú sí i, nítorí pé omi a fà sẹ́yìn, ọ̀nà tí ó wà láàárín àtíbàbà àti etí omi a sì gùn ju bí ó ti wà nígbà òjò lọ.

Ọmọlanke onítáyà méjì lè dín ọkùnrin mẹ́fà náà kù sí méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọlanke ni ó lè ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rà á ni bí irin rẹ̀ ti nípọn tó. Táyà ni ó yẹ kí wọ́n wò, kí wọ́n sì ti wo ilẹ̀ tí táyà náà yóò gbà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jó irin.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ WÍWỌ́ ỌKỌ̀ NÍLẸ̀

Iyanrìn a máa há ìdí ọkọ̀ bí ìgbà tí a bá fi ayùn kíkúná rìn ín. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ lára ìtì igi kan lè fara da èyí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a fi pákó kàn kò lè fara dà á, nítorí pé wíwọ́ a máa tú òwú tí a fi dí ojú àpapọ̀ pákó. Ẹni tí ń wọ́ ọ pẹ̀lú kò bọ́: ẹ̀yìn dídùn àti ìpá pọ̀ láàárín àwọn tí ń gbé ohun tí ó wúwo ní ìdọ̀bálẹ̀ ara.

Nítorí ìyọnu yìí ni àwọn mìíràn fi ń so ọkọ̀ wọn mọ́ èèkàn nínú omi láti oṣù dé oṣù. Ní ibi tí omi òkun ti ń dàpọ̀ mọ́ omi ọ̀sà, òfò ńlá ni. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí ìdin gígùn, tí ń lu igi ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ihò tí ó bá wọlé kì í ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí olówó ọkọ̀ yóò fi mọ̀, inú igi ti di afárá oyin. Kòkòrò yìí kò lè pẹ́ láyé ní ibi gbígbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà apẹja fi ń gbé ọkọ̀ sókè sá, tí wọ́n sì ń fi iná fẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí gbígbé ọkọ̀ sókè bá rọrùn fún ni yóò máa gbé e sókè ní àkókò tí ó yẹ. Níbi èyí gan-an ni ọmọlanke ti ń san owó ara rẹ̀ padà.

MÍMỌ ÌWỌ̀N ỌKỌ̀

Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́, irú èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń wọn kòkó, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, kí ẹ sì kó àwọ̀n, àjẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì kúrò. (Omi garawa mẹ́rin péré ju àádọ́rin kílò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í kà á mọ́ ẹrù.) Ẹ fi òṣùwọ̀n gbé orí ọkọ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì fara ti igi kan, kí ẹ ka iye rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún ìdí. Àròpọ̀ méjèèjì ni ìwọ̀n ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ náà gùn ní mítà 7, tí orí rẹ̀ fà ní kílò 60, tí ìdí rẹ̀ sì fà ní kílò 80. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 140. Ẹ pín kílò 80 ti ìdí pẹ̀lú 140, kí ẹ fi gígùn ọkọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 4 ni yóò jẹ́. Ní mítà 4 láti orí ni ọkọ̀ náà ti dọ́gba, kì í ṣe ní àárín gbùngbùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò lè ti igi roboto kan sí abẹ́ ọkọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi máa ṣe jangirọ́fà lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì.

ILẸ̀ ÀTI TÁYÀ

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ le, tí ó tẹ́jú, tí omi kò sì jìnnà sí i ju ogún mítà lọ, kò nílò ọmọlanke. Igi roboto mẹ́rin tí a ń yí sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò ṣe é fún un láìná kọ́bọ̀. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ohun tí kò nílò.

Orí iyanrìn rírọ̀ ni igi roboto ti ń kùnà, orí iyanrìn kan náà ni ọmọlanke tí kò dára ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ga, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín: ó ń ge iyanrìn bí ọ̀bẹ, wáyà rẹ̀ a sì máa tẹ̀ bí ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà rọ́bà líle tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú dára ní ilẹ̀ oníkọnkéré nìkan. Èyí tí a gbà yín ní ìmọ̀ràn ni táyà bárò tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10, tàbí táyà alùpùpù àtijọ́. Bí ó bá ti fẹ̀ tó, tí ó sì ga tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọrùn fà tó.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bí ọkọ̀ kílò 140 bá wà lórí ọmọlanke kílò 20, kílò 80 ni ó kan táyà kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá fi kílò 2 ti gbogbo sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin inú táyà, ibi tí táyà fi tẹ ilẹ̀ yóò jẹ́ bíi sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin 40. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ náà kù sí ìlàjì kílò, ibẹ̀ yóò fẹ̀ tó bíi 160, ẹrù kan náà yóò sì tàn ká ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí táyà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò yín yóò fi lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó rọ̀ jù, kí tíúbù má baà yí nínú táyà kí ó sì fa ẹnu rẹ̀ ya. Bí ẹ bá tún dé ọ̀nà líle, ẹ fi pọ́ǹpù fún un ní afẹ́fẹ́ sí i.

Ní ti ara ọmọlanke, irin tàbí igi líle ni a lè fi ṣe é. Kí táyà méjèèjì jìnnà sí ara wọn ju fífẹ̀ ìdí ọkọ̀ lọ, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Kí igi ìdábùú méjì tí ọkọ̀ yóò jókòó lé jìnnà sí ara wọn ní bíi sẹ̀ntímítà 50, kí a gbẹ́ wọn bí ìdí ọkọ̀ ti rí, kí a sì fi rọ́bà táyà àlòkù bò wọ́n.

LÍLÒ RẸ̀

Ẹ gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Kílò 80 tí òṣùwọ̀n sọ ni ènìyàn méjì yóò pín. Ẹ ti ọmọlanke wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òkúta dí táyà méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ bọ́ sí iwájú, ẹ gbé orí ọkọ̀, kí ẹ sì ti ọkọ̀ sẹ́yìn lórí ọmọlanke títí irin tí ó so táyà méjèèjì yóò fi wà ní bíi sẹ̀ntímítà 25 lẹ́yìn àmì ọ̀dà yín, ní ìhà ìdí. Nípa báyìí orí ọkọ̀ yóò fi díẹ̀ wúwo lọ́wọ́ ẹni tí ń fà á. Fún ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, kò ju bíi kílò 8 lọ. Bí ẹ bá gbé e sí ojú àmì gan-an, yóò máa jù sókè sódò; bí ẹ bá sì gbé e sí iwájú àmì, orí yóò máa gbéra, ìdí yóò sì máa wọ́ nílẹ̀.

Ẹ di okùn kọjá lórí ọkọ̀ mọ́ ọmọlanke. Okùn kejì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: kí ó ti ara ọmọlanke lọ sí orí ọkọ̀, kí ó sì le dáadáa. Bí táyà bá kọ lu gbòǹgbò, òun ni kò ní jẹ́ kí ọmọlanke sá sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ẹrù rẹ̀.

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ewu wà. Níbi tí etí omi bá ti lọ sílẹ̀ ní mítà 1 nínú mítà 8, ẹrù kílò 160 yìí ń fi agbára bíi kílò 20 sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ mítà 1 nínú mítà 4, ó di bíi 40. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú ọkọ̀ láti dá a dúró, kí a sì lé àwọn ọmọdé kúrò. Ẹ so okùn gígùn mọ́ ìdí ọkọ̀, kí ẹ yí i ká igi tí ó fìdí múlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè di ọkọ̀ ńlá mú báyìí, nítorí pé igi ni ó ń bá a gba ẹrù.

Ní etí omi, ẹ ti ọkọ̀ wọ inú omi títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kí ẹ tó tú okùn. Ẹ rántí pé táyà tí ó fẹ̀ pẹ̀lú a máa léfòó, ó sì lè há mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà kí okùn kan wà lára ọmọlanke tí ẹ ó fi fà á jáde. Nígbà àbọ̀, kò sí ìdí láti gbé ohunkóhun. Ẹ ri ọmọlanke sínú omi, kí ẹ tukọ̀ gba orí rẹ̀, kí ẹ dì í, kí ẹ sì fà á sókè.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÌLÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

Ọmọlanke kan tó fún apẹja mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọkọ̀ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ ní fífẹ̀. Kí àmì ọ̀dà wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibi tí ọ̀kan ti dọ́gba kọ́ ni èkejì ti ń dọ́gba. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí pọ́ǹpù, lẹ́ẹ̀ àti rọ́bà ìlẹ̀ tíúbù yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì máa dá owó díẹ̀ fún tíúbù. Ẹni tí ó bá lò ó kẹ́yìn ni kí ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Omi iyọ̀ a máa jẹ àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú àgbá táyà kí oṣù mélòó kan tó pé; kí a máa tú wọn wò, kí a sì fi gírísì tuntun sí wọn, pàápàá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, kí a yọ táyà, kí a so wọ́n kọ́ sí ibi òjìji.