Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀGBÀ ÀTI ÈWE: ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍRÁMÀ TÓ WÀ NÍ BÀRÍGÀ

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá síwájú yín yìí kò jìnnà sí wa rárá. Púpọ̀ nínú yín tí ẹ gba ọ̀nà Bàrígà wá ti kọjá nítòsí CMS Grammar School. Àwọn ọmọ wa mọ ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé ta ló dá a sílẹ̀, kíá ni wọn yóò dáhùn pé òyìnbó ni. Kì í ṣe òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, Alùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú ilé kékeré kan ní Broad Street, pẹ̀lú ọmọ 6 péré. Ẹ kíyè sí ọdún yẹn o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba Èkó nígbà náà. Ọdún 1861 ni wọ́n gbà á. Owó tí a fi ra ìwé àti ohun èlò, £50, Captain James Pinson Labulo Davies ló gbé e kalẹ̀. Sàró ni wọ́n bí òun àti Macaulay sí, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì. Òbí wọn wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ẹni tó bá ti ṣe akápò ìjọ rí yóò mọ̀ pé ẹni tó dá irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà náà gbìyànjú! Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní Látìnì, Gíríìkì, ìṣirò àti ìmọ̀ Bíbélì. Macaulay kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1878. Nígbà tó yá ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí kúrò ní Erékùṣù Èkó wá sí Bàrígà tiwa. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Nàìjíríà.

Ìyàwó Macaulay, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Herbert Macaulay olóṣèlú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jẹ́.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Jósẹ́fù. Ta ló tà á? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ti Àjàyí náà kò yàtọ̀: kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ mú un, dúdú bíi tiwa ni. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, tí wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan, wọ́n tún dá a padà pé ẹṣin náà kò dára! Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á, títí tó fi dé Èkó níbí, tí wọ́n fi tà á fún àwọn Potogí. Ẹrú 187 ló wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1843 ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1846, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25! Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ro ti obìnrin yẹn wò. Ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hannah. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864, ní Canterbury, wọ́n fi ẹni tí wọ́n ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ti Bíbélì ńkọ́? Òun ló ṣe olórí àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Thomas King àti àwọn mìíràn sì ràn án lọ́wọ́. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Àìmọye bàbá àti ìyá nínú àwọn ìjọ Aládùúrà ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì mọ Sáàmù lórí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n tà bí ẹrú ni.

Àmọ́ a kò ní fi èyí tó korò pamọ́ fún yín. Ní 1890, níbi ìpàdé kan ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ dá àwọn òjíṣẹ́ dúdú rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀, títí kan ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bàbá arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891 ló sùn nínú Olúwa ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. Isaac Oluwole, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà wa yìí, wọ́n fi ṣe igbákejì ní 1893. Igbákejì náà ni, kì í ṣe ipò bàbá.

Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ Èkó ti rí i pé bí nǹkan yóò ti máa rí nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ 1891, kí bàbá tó kú, wọ́n ti dá United Native African Church sílẹ̀, níbi tí dúdú yóò ti máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ọ̀nà náà ti là nígbà tí Bàbá Moses Orímọládé àti Ìyá Abíọ́dún Akinsọwọ́n fi dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní 1925, Bíbélì tí Crowther túmọ̀ sì ni Bíbélì ilé àdúrà.

Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin Crowther sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó egungun rẹ̀ lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ tó bá ń wá ibi tí wọn yóò kó àwọn ọmọ lọ lẹ́yìn àjọ̀dún, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Grammar School ní Bàrígà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Marina.