Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: LẸ́TÀ GBẸ̀FẸ́

Ìbéèrè: Àbúrò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ Yunifásítì Èkó, ní Akoka, láti kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé. Kọ lẹ́tà sí i, kí o gbà á nímọ̀ràn lórí irú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó yẹ kí ó rà.

Àlàyé: Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí tí a ń kọ sí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ń ní, ní apá ọ̀tún òkè ìwé. Ìmọ̀ràn ni ìbéèrè yìí ń fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn to orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wúlò.

Ìlapa èrò:
(a) Ìkíni àti ìdí tí mo fi kọ̀wé
(b) Ohun tí ojú mi rí
(d) Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà
(e) Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde
(ẹ) Ọ̀rọ̀ iná àti ìtọ́jú iṣẹ́
(f) Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ LẸ́TÀ

Ojúlé Keje,
Àdúgbò Ìlàjẹ,
Bàrígà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àkànkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́? Mo gbà pé ara wọn ti le dáadáa. Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé àjọ tí wọ́n ń dá ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ti kàn wọ́n, àti pé gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò fi ra kọ̀ǹpútà fún ọ. Owó òógùn ojú ni. Ìdí nìyí tí mo fi sáré kọ ìwé yìí.

O rántí kọ̀ǹpútà tí mo rà ní ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó ń dán. Ẹni tí ó tà á fún mi ní, “Core i7 ni,” mo sì sanwó. Àṣé èso ọ̀pọ̀tọ́ ni: ó pọ́n lójú, inú rẹ̀ kún fún kòkòrò. Ní òru tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò mọ́ bá júrì, nígbà tí àwọn olùkọ́ yóò yẹ iṣẹ́ wa wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ kò parí, mo sì tún un ṣe ní ọdún kejì. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ohun mẹ́rin ni kí o wò. Èkíní ni ọpọlọ rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí “i7” nìkan tàn ọ́ jẹ. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ ìran tí ó jẹ́. Lẹ́tà ìparí ń sọ agbára rẹ̀. U ni wọ́n ṣe láti máa fi iná díẹ̀ ṣiṣẹ́. H ni ti iṣẹ́ agbára. Core i7-6600U tí ó jáde ní 2015 ní ọpọlọ méjì péré, Core i5-12450H sì ní mẹ́jọ. Èkejì ni RAM. Ó dà bíi tábìlì tí a ń tẹ́ iṣẹ́ sí: bí ó bá kéré, ìwé á máa já bọ́. Kí ó má dín ní 16GB. Ẹ̀kẹta ni káàdì àwòrán. AutoCAD tí a fi ń fa ìlà lè ṣe é láìsí káàdì tí ó dá dúró, ṣùgbọ́n Lumion àti Enscape, tí ń sọ àwòrán di bíi fọ́tò ilé gidi, kò lè ṣe é. Wá èyí tí ó ní 6GB tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ibi ìkó-iṣẹ́-sí: kí ó jẹ́ SSD, 512GB. Rántí pẹ̀lú pé Windows ni wọ́n ṣe Revit fún.

Bí owó kò bá ká tuntun, tòkúnbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. HP ZBook, Dell Precision àti Lenovo ThinkPad P, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n dìídì ṣe wọ́n fún. A ó jọ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Kí owó tó jáde, ṣí Task Manager, kí o fi ojú ara rẹ ka RAM àti káàdì àwòrán. Fi àṣẹ powercfg /batteryreport wo bí bátìrì ti gbó tó. Wọ BIOS, kí o rí i pé ẹnikẹ́ni kò tì í pa. Lẹ́yìn náà, ṣí fáìlì ilé ńlá kan, kí o máa yí i káàkiri fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹni tí ń tà á bá kọ̀, kí á dìde.

Kọ̀ǹpútà alágbára a máa jẹ iná. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ kékeré pàápàá ti di ohun ìnáwó. Nítorí náà, ìgbà tí iná bá wà ni kí o ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Má ra sọ́fítíwíà ayédèrú: ọ̀fẹ́ ni Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní AutoCAD àti Revit. Sì máa tọ́jú iṣẹ́ sí ibi méjì. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sunkún lórí fáìlì tí ó bàjẹ́.

Paríparí rẹ̀, má ṣe kánjú. Ní ọdún kìíní, bọ́ọ̀dù àti T-square ni àwa fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Kọ́kọ́ wọlé, kí o bi àwọn olùkọ́ rẹ léèrè ohun tí wọ́n ń lò. Kí Màmá fi owó náà pamọ́ títí di ìgbà náà.

Bá mi kí wọn. Ó dìgbà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àkànní.

Àkíyèsí:
1. “O” ni a fi ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. “Wọ́n” ni a fi ń tọ́ka sí ìyá.
2. Òwe kan tí ó bá ọ̀rọ̀ mu sàn ju mẹ́wàá tí a kàn tò jọ lọ.
3. Wo bí òǹkọ̀wé ṣe fi RAM wé tábìlì. Ohun tí a mọ̀ ni a fi ń ṣàlàyé èyí tí a kò mọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ èsì tí Àkànkẹ́ yóò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jẹ́ kí ó gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ohun kan, kí ó sì ta kò ó lórí òmíràn.