Ilé Wa ní Ìgbà Òtútù

Àwa tí a ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ní oṣù Kejìlá, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Kálukú á gba yàrá tirẹ̀ lọ, híítà á máa ṣiṣẹ́ káàkiri ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan gbóná dáadáa, kí gbogbo ilé kó jọ síbẹ̀ títí di àkókò oorun. Kí ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ níbẹ̀, kí a máa ṣa ẹ̀wà níbẹ̀, kí bàbá náà jókòó, bí kò bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, àlọ́ yá. Àwọn àgbà wa kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Alẹ́ gígùn tí à ń ráhùn sí yìí gan-an ni àkókò rẹ̀. Ọmọ tó ń sá fún ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò gbe orin Ìjàpá láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Bí kò bá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ túmọ̀ díẹ̀ fún un, ẹ má sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá.

Bí ó ti wù kí owó iná ga tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àdògán eléèédú wọlé láti yáná. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Ìbora àti ìbọ̀sẹ̀ ni kí a fi kún un, kí a sì ra ẹ̀rọ kékeré tí ń ké bí afẹ́fẹ́ náà bá wà nínú ilé.