Ta Ni Atọ́kùn Ọ̀rọ̀ Náà?

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, iwájú ilé ni ẹjọ́ ń wá. Olùpẹjọ́ á rò, olùjẹ́jọ́ á fèsì, àgbà á tó lanu. Lónìí, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí. Ẹni tó ń wá dókítà ọmọ, tó ń wá lọ́yà tó máa bá a yẹ ìwé ilẹ̀ wò, tó ń wá télọ̀ tó máa rán aṣọ ìgbéyàwó, á kọ́kọ́ tẹ orúkọ wọn sórí Google. Á wo iye ìràwọ̀ tí wọ́n ní, á ka ohun tí àwọn tí kò mọ̀ rí kọ sábẹ́ rẹ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti dájọ́. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo ìràwọ̀ mọ́. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ oníjìbìtì. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ mí lóminú ni èyí tí kò lólóhùn, tó sì lágbára láti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ iṣẹ́.

Yorùbá kò kórìíra kí ènìyàn bojú sọ̀rọ̀. Eégún ń bojú. Ó lè kọrin bú ọ̀bàyéjẹ́ láàrin ọjà, a kì í sì í béèrè ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀. Ṣùgbọ́n eégún kì í dá jáde láìní atọ́kùn. Bó bá fi pàṣán ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, a mọ agbo ilé tó ti jáde, atọ́kùn á wá rojọ́, alágbàáà á gbọ́ sí i. Ojú nìkan ni agọ̀ bò, kò bo ẹ̀bi. Rífíù aláìlórúkọ gbé agọ̀ wọ̀, ó sì fi atọ́kùn sílẹ̀ nílé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́tà méjì ló dúró fún orúkọ, kò sí àwòrán. “Iṣẹ́ wọn kò dáa, olè ni wọ́n, ẹ sá fún wọn.” Kò sọ ọjọ́ tó lọ síbẹ̀, kò sọ ohun tó gbé lọ, kò sọ iye tó san. Ó lè jẹ́ oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ọmọṣẹ́ tí wọ́n lé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tàbí télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì, tàbí ẹni tí ọ̀gá náà kọ̀ láti fẹ́. Bákan náà ni gbogbo wọn á ṣe kọ ọ́, Google kò sì ní béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wọn kó tó gbé e jáde.

Ẹni tó kéré ló sì máa ń dùn jù. Télọ̀ tó ní rífíù 4, tí gbogbo wọn fún un ní ìràwọ̀ 5, bí ẹnìkan tó bojú bá wá fún un ní 1, máàkì rẹ̀ á já wá sí 4.2. Ilé ìwòsàn ńlá tí ènìyàn 99 ti fún ní 5, bí ẹni yẹn kan náà bá fún un ní 1, á ṣì wà ní 4.96, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Michael Luca ti Harvard Business School wo àwọn ilé oúnjẹ ìlú Seattle, ó rí i pé bí ilé oúnjẹ bá fi ìràwọ̀ 1 gòkè lórí ìkànnì rífíù tó ń jẹ́ Yelp, owó tó ń wọlé fún un ń fi nǹkan bíi 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àwọn ilé oúnjẹ adáṣiṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri, tí gbogbo ayé ti mọ orúkọ wọn, ìràwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n.

Nǹkan mìíràn tún ń farapamọ́ sábẹ́ agọ̀ yìí, ó sì burú ju irọ́ lọ nítorí pé ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní North Carolina State University gbé iṣẹ́ kan jáde. Olùkọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ni wọ́n jọ kọ́ni lórí ayélujára, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti rí ojú wọn. Olúkúlùkù kọ́ ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì: ó lo orúkọ ara rẹ̀ fún ọ̀kan, ó sì lo orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ fún èkejì. Àkókò kan náà ni wọ́n ń dá iṣẹ́ padà fún gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó tó àkókò láti fún wọn ní máàkì láìkọ orúkọ, wọ́n fún ẹni tí wọ́n pè ní ọkùnrin ní 4.35 nínú 5 lórí yíyára dá iṣẹ́ padà. Ẹni tí wọ́n pè ní obìnrin gba 3.55. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà! Bí wọ́n bá ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fọwọ́ sí i, kó sọ ọjọ́ tí obìnrin náà pẹ́, kò ní rí ọjọ́ kankan tọ́ka sí.

Ṣé ká wá ní kí gbogbo ènìyàn máa kọ orúkọ wọn ni? Rárá o. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, obìnrin kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátò alágolo kan ti dùn jù, àfi bíi ṣúgà. Orúkọ ara rẹ̀ ló lò. Ọlọ́pàá gbé e, wọ́n gbé e lọ sí Abuja, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá rí irú èyí, tó wá fẹ́ sọ pé ọ̀gá ilé ìwé kan ń na ọmọ ní ìnàkunà, tàbí pé dókítà kan ń fọwọ́ pa aláìsàn lára, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bojú. Láti gba agọ̀ lọ́wọ́ aláìlágbára kò ní mú kó sọ òótọ́. Ṣe ló máa pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyí tí ìdájọ́ kan láti Jámánì fi wù mí. Ẹnìkan tó bojú lọ sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń díwọ̀n dókítà, ó fún dókítà eyín kan ní 4.8. Lọ́dọ̀ wọn, 1 ló dára jù, 6 ló burú jù. Lórí ìtọ́jú, lórí àlàyé tí dókítà ṣe àti lórí ìfọkàntán, 6 ló fún un. Dókítà ní òun kò gbà pé ẹni náà jókòó sórí àga òun rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2016, ilé ẹjọ́ gíga wọn tó wà ní Karlsruhe sọ pé kò tó kí ìkànnì náà kàn fi ẹ̀sùn dókítà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ̀wé, kó sì ká ọwọ́ gbera. Ó gbọ́dọ̀ ní kí ó ṣàlàyé ìtọ́jú tó gbà dáadáa, kí ó sì mú ìwé tó fi hàn pé ó dé ibẹ̀ wá. Ohun tí ìkànnì bá lè fi han dókítà nínú rẹ̀ láìtú àṣírí ẹni náà, kó fi hàn án. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2014 pé dókítà kò lè fipá gba orúkọ ẹni tó kọ̀wé lọ́wọ́ ìkànnì. Wọn kò ṣí agọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Atọ́kùn ni wọ́n ní kó jáde wá dáhùn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Section 230, kò jẹ́ kí a mú ìkànnì fún ohun tí ẹlòmíràn kọ sórí rẹ̀. Lọ́yà obìnrin kan ní San Francisco gbé oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ lọ sí kóòtù lórí ohun tó gbà pé ó kọ sórí Yelp. Ó jàre, wọ́n sì ní kí oníbàárà náà san owó gbà-má-bínú ńlá fún un. Síbẹ̀, ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ pé a kò lè fi àṣẹ kóòtù yẹn mú Yelp pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ènìyàn á jàre tán, ìwé ẹ̀bi rẹ̀ á ṣì wà lára ògiri. Ní tèmi, òfin yẹn ro ti ìkànnì ju ti ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí àwa náà ń lò ní Èkó àti Ìbàdàn, ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti wá, nítorí náà a kò lè fọwọ́ lẹ́rán kí wọ́n wá gbà wá.

Ìwọ tó ń ka rífíù, kọ́kọ́ fò kọjá èyí tó ní ìràwọ̀ 5 àti èyí tó ní 1. Ka àwọn tó wà láàrin, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó rí dáadáa tó sì rí àìdáa máa ń wà. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n: bí mẹ́jọ bá wọlé lóru ọjọ́ kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ẹnìkan ló rán wọn níṣẹ́. Tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kó o wo ohun mìíràn tó ti kọ. Lẹ́yìn náà, wá ẹnìkan tí o lè padà lọ bá, aládùúgbò ni o, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni o, tí ẹni yẹn ti ṣiṣẹ́ fún rí, kó o bi í léèrè.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀, òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Sun ọ̀rọ̀ náà mọ́jú. Lọ bá oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó o tó lọ bá ayé, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa tún un ṣe bí o bá lọ. Bí kò bá gbọ́, kọ ohun tí ojú rẹ rí, má kọ ohun tí ọkàn rẹ rò. Gbólóhùn bí èyí tó láti kìlọ̀ fún ẹlòmíràn: “Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni mo gbé áńkárá yáàdì 6 fún wọn. A fi àdéhùn sí ọjọ́ 20. Ọjọ́ 29 ni mo gbà á, ọrùn rẹ̀ fún mi pa. Wọ́n tún un ṣe láìgbowó, ṣùgbọ́n òde tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ti kọjá.” Kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan san £200 fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iṣẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá kọ ọ́ sórí ayélujára pé oníjìbìtì ni wọ́n. Ní 2021, kóòtù ní kó san £25,000. Bó bá sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò fún òun, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì dúró níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má dé kóòtù rárá.

Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí jù, òun sì ni ìmọ̀ràn rẹ̀ le jù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ojú bá ti ń ta ọ́, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, má fèsì lọ́jọ́ yẹn. Ya ojú ìwé náà pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́ lọ́la tàbí kó yí i padà. Ṣí ìwé oníbàárà rẹ, kó o wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà bá ẹnikẹ́ni mu. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni mu, sọ fún ìkànnì náà pé ẹni yìí kò wá sọ́dọ̀ mi rí, kó o sì sọ ohun tó mú ọ gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì bá ẹnìkan mu, tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ, pe onítọ̀hún kó o bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn eyín, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀, nítorí ẹnu yín wà lábẹ́ òfin. Ilé ìwòsàn eyín kan ní Dallas fèsì fún aláìsàn lórí Yelp, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìlera ẹni náà dá ara rẹ̀ láre. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gba $10,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé wa níbí, National Health Act ti 2014 fi àṣírí aláìsàn sábẹ́ ààbò, kò sì sí ibi tó ti sọ pé ààbò náà ti yẹ̀ nítorí pé aláìsàn bú yín lórí ayélujára. Ìwọ̀nba èsì bí èyí ti tó: “Ó dùn wá pé inú yín kò dùn. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà wá láàyè láti sọ níbí bóyá ẹnìkan ti wá sọ́dọ̀ wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ́fíìsì wa, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ọ̀gá, a máa gbọ́ yín.” Ẹni mìíràn tó bá ka èsì yẹn á mọ irú ènìyàn tó wà nílé ìwòsàn náà.

Má sì jẹ́ kí ìbínú sún ọ lọ ra rífíù. Àwọn tó ń tà á pọ̀ lórí WhatsApp, àwọn àbúrò rẹ pàápàá á sì ní àwọn á bá ọ kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí Federal Trade Commission gbé jáde ní 2024 ka ríra rífíù irọ́ àti títà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní owó ìtanràn. Ọ̀nà tó mọ́ kò le: bí oníbàárà bá gba iṣẹ́ rẹ̀ tán tó ń dúpẹ́, sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, bó ti rí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́.” Ẹni tínú rẹ̀ dùn kì í sábà rántí kọ̀wé àyàfi bí a bá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí rífíù òótọ́ bá ti tó ogójì, ìràwọ̀ kan tó wá láti inú òkùnkùn kò lè wó ṣọ́ọ̀bù rẹ mọ́.

Àwọn ọ̀ràn kan sì wà tó ju ìràwọ̀ lọ. Bí ènìyàn rẹ bá kú nítorí pé dókítà mutí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, bí lọ́yà bá kó owó ilẹ̀ rẹ jẹ, má kàn kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ kó o sì sùn. Gbé ti dókítà lọ sí Medical and Dental Council of Nigeria, kó o gbé ti lọ́yà lọ sí Legal Practitioners Disciplinary Committee. Ti ọjà àti iṣẹ́ tí a sanwó fún, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gbọ́ ọ. Wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ, wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì lè yọ orúkọ dókítà tàbí lọ́yà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ náà. Bí o bá fún un ní ìràwọ̀ kan tó o sì lọ, ọ̀la ló máa tún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹni tó bá sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà lè má ní fóònù tó máa fi ka ohun tó o kọ.